Pátánì Ló Yẹ Ká Tún Ṣe, Kì Í Ṣe Ara Wa

Ní kíláàsì Garment Making, mo máa ń gbọ́ kí àwọn kan sọ pé, "Ìdí mi ti tóbi jù, kò sí ṣòkòtò tó gbà mí." Àwọn mìíràn á ní, "Èmi ò tiẹ̀ ní ìdí rárá." Ọ̀rọ̀ yẹn kì í dùn mọ́ mi nínú, torí pé ara kọ́ ló jẹ̀bi. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Tí ìtẹ́ ò bá gba eku, ìtẹ́ la ó tún ṣe.

Bébà méjì ni pátánì ṣòkòtò tí a yà fúnra wa máa ń ní: iwájú àti ẹ̀yìn. Ẹ̀ẹ̀mejì la ó gé ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó di abala aṣọ mẹ́rin. Ẹ fi ìṣirò sí i o! Tí ẹ bá fi 1 ínǹṣì kún ẹ̀gbẹ́ bébà méjèèjì, ṣòkòtò á fi 4 ínǹṣì tóbi sí i. Tó bá jẹ́ pé 1 ínǹṣì péré ló kù kó tó yín, ¼ ínǹṣì ni kí ẹ fi kún ẹ̀gbẹ́ bébà kọ̀ọ̀kan.

Báwo la ṣe máa mọ ibi tó yẹ ká tún ṣe? Ohun tí a ń wá lọ sí Sókótó wà nínú àpò ṣòkòtò. Ẹ wọ̀ ọ́, ẹ dúró síwájú dígí, kí ẹ wo ibi tí aṣọ ti hunjọ. Ibi tí ẹsẹ̀ ṣòkòtò méjèèjì ti pàdé, ẹ jẹ́ kí n máa pè é ní oríta.

1. Tí aṣọ bá hunjọ ní ìbú lórí ìdí, ó fún ni. Ẹ fẹ ẹ̀gbẹ́ bí mo ṣe ṣírò rẹ̀ lókè.

2. Tí ìlà bá ń ti oríta tàn lọ sórí itan níwájú, itan ni kò rí àyè. Ẹ fi ½ ínǹṣì fa ṣóńṣó oríta bébà iwájú gùn.

3. Tí ibi bẹ́líìtì bá ń sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá jókòó, ẹ̀yìn ló kúrú. Ẹ gé bébà ẹ̀yìn láti ojú ìrán àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́, ẹ má gé e já. Ẹ ṣí i díẹ̀, kí ẹ fi gọ́ọ̀mù lẹ bébà mìíràn sí abẹ́ rẹ̀. Ṣòkòtò ilé-ìwé àbúrò mi ni mo fi dán an wò. Mo ṣí i ní ¾ ínǹṣì, ó sì ń jókòó báyìí láìfọwọ́ di ẹ̀yìn mú.

4. Tí aṣọ bá rọ̀ jọwọrọ lábẹ́ ìdí, ẹ ṣe òdìkejì rẹ̀: ẹ ká ibẹ̀ pọ̀ lórí bébà dípò kí ẹ ṣí i.

5. Tí oríta bá há tàbí tó rọ̀ sílẹ̀ jù, ẹ jókòó lórí àga líle, kí ẹ fi téèpù wọn ẹ̀gbẹ́ yín láti ibi bẹ́líìtì dé orí àga. Ẹ fi ½ ínǹṣì kún un. Bó ṣe yẹ kí oríta jìn nìyẹn. Iye kan náà ni kí ẹ fi kún bébà iwájú àti ti ẹ̀yìn, tàbí kí ẹ yọ kúrò.

Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ máa tún ṣe lẹ́ẹ̀kan, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ ò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́. Ẹ fi bẹ́ẹ̀dìṣíìtì àtijọ́ rán an wò. Ẹ jókòó, ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ gun àtẹ̀gùn. Kí ẹ sì kọ ọjọ́ sára pátánì, torí a ṣì ń dàgbà. Ti táàmù tó kọjá lè má gba ẹni tó wọ táàmù yìí.

Owó àwọn òbí wa ló wà nínú aṣọ yẹn. Bébà tí a gé ṣe é lẹ̀ padà, ṣùgbọ́n aṣọ tí sísọ́ọ̀sì bá ti gé kúrú kò ṣe é fà gùn.