Kí Ẹ Tó Ká Ẹní Lọ sí Káǹpù

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo gbọ́ lẹ́nu ọmọ àbúrò mi tó ń gbé Àgbowó pé ẹ̀yin márùn-ún ti ń dá owó ọkọ̀ jọ, pé ẹ ń lọ sùn ní Redemption Camp lóṣù kẹjọ, nígbà kọnfẹ́ńṣọ̀n ìjọ Ridíìmù. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko, látorí Mọ́ńdè dórí Sọ́ńdè. Ẹ ní torí orin lẹ ṣe ń lọ. Ó dáa. Inú mi dùn, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀ tán. Ẹ ní aṣọ jù mí lọ, ṣùgbọ́n mo ní àkísà jù yín lọ, ẹ jẹ́ kí n tú díẹ̀ wò níwájú yín.

1. Ẹ kọ́kọ́ yẹ ara yín wò. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ẹ jọ ń jẹ àmàlà ní Bódìjà lẹ lè bá sùn lórí ẹní fún òru mẹ́fà. Ibi tí oorun ò bá ti tó, tí omi náà ò tó, ibẹ̀ ni ìwà ti ń bọ́ sí gbangba. Ẹ ṣọ́ ẹni tí kì í san gbèsè. Ẹ ṣọ́ ẹni tó máa ń sọ pé “mò ń bọ̀,” tí ẹ ó sì dúró títí ẹsẹ̀ á fi máa ro yín. Màá padà sórí onítọ̀hún. Àmọ́ ẹni tí òbí rẹ̀ ò mọ̀ pé ó ń lọ, ẹ má mú un dání rárá. Bí ilé wọn bá wà ní Challenge, ẹ wọ Máíkírà lọ bá ìyá rẹ̀, kí ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, kí obìnrin kúnlẹ̀, kí ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ ó lọ àti ọjọ́ tí ẹ ó dé. Ìyá tó bá ti rí ojú yín á lè sùn.

2. Ẹ gbéra láàárọ̀. Kí ẹ tó jókòó nínú ọkọ̀, ẹ sọ fún dírẹ́bà pé Káǹpù lẹ ti máa bọ́ọ́lẹ̀. Láti Ìbàdàn, ẹ ó kọjá Ògúnmákin, ẹ ó kọjá Ògèrè níbi tí àwọn tírélà ti máa ń tò lọ bẹẹrẹ, ẹ ó kọjá oríta Ṣágámù. Káǹpù ló kàn kí ẹ tó dé Mówè. Nǹkan bí 80 kìlómítà ni gbogbo ẹ̀. Mo mọ arákùnrin kan tó sùn lọ, Berger ni wọ́n ti jí i. Owó oúnjẹ ọjọ́ méjì ló fi wọkọ̀ padà. Ọ̀nà márosẹ̀ yẹn ti wà láti 1978, mi ò sì tíì gbọ́ ohun rere kankan tí ẹnikẹ́ni rí lórí rẹ̀ lóru.

3. Ẹní ọ̀rá ni kí ẹ rà ní Dùgbẹ̀, ẹ má gbé fóòmù. Òjò oṣù kẹjọ kì í sábà pariwo, winniwinni ló máa ń rọ̀, ẹ ò sì ní mọ̀ títí fóòmù yóò fi mu omi yó, tí yóò di ẹrù ẹni mẹ́ta. Ẹ mú àwọ̀n ẹ̀fọn, tọ́ọ̀ṣì, aṣọ òtútù, gààrì àti kúlíkúlí. Ẹ mú oògùn ibà, kí ó wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo, kí gbogbo yín sì mọ ẹni náà. Ẹ̀yin ọmọbìnrin, ìró méjì: ọ̀kan fún ìbora, ọ̀kan fún ìwẹ̀. Níbi èrò, ìró lèèyàn ń fi ṣe ilẹ̀kùn. Aago mẹ́rin ìdájí ni kí ẹ ti wẹ̀. Tó bá ti di mẹ́fà, ẹ̀yìn ìlà lẹ máa wà títí oòrùn á fi là.

4. Èyí gan-an ló mú mi kọ̀wé. Lọ́dún 1994, àwa mẹ́rin la gbéra láti Àgbowó lọ sí Káǹpù. Mo wà nínú ẹgbẹ́ akọrin nígbà náà, áàtò ni mo ń kọ, mo sì rò pé Ọlọ́run ò lè gbọ́ orin kankan dáadáa tí mi ò bá sí níbẹ̀. Lóru ọjọ́ kẹta, ọ̀rẹ́ mi tí ẹní wa jọ fẹ̀gbẹ́ kanra ní òtútù ń mú òun. Mo fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, ó gbóná bí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀. Mo fi ìró mi bò ó. Bẹ́ẹ̀ la gbọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìlù níwájú lọ́hùn-ún. Mo ní, “Mò ń bọ̀.”

Mi ò bọ̀. Mo kọrin títí ilẹ̀ fi mọ́, mo jó, mo sunkún ayọ̀. Nígbà tí mo padà dé, orí ọ̀rẹ́ mi wà lórí itan ìyá kan tó wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, tí kò mọ̀ wá rí. Gèlè ara rẹ̀ ni ìyá náà tú, ó ń rì í bọ omi nínú abọ́ tánńganran kékeré kan, ó ń fún un, ó ń tẹ́ ẹ lé e níwájú orí. Irun funfun orí rẹ̀ wà ní gbangba láàárín gbogbo èèyàn yẹn. Ó gbójú sókè wò mí. “Ìwọ ni ọ̀rẹ́ ẹ̀?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Kò sọ ohunkóhun mọ́. Ì bá sàn ká ní ó gbá mi létí.

Nígbà tí a ń bọ̀ nílé, ọ̀rẹ́ mi lọ jókòó sẹ́yìn ọkọ̀, èmi wà níwájú. A ò bára wa sọ gbólóhùn kan títí a fi dé Ìwó Road. Nítorí náà, tí ara ẹnì kan bá ti gbóná nínú yín, orin ti parí fún ẹlòmíràn kan lóru ọjọ́ yẹn. Láti ilé ni kí ẹ ti pín ara yín, kí ẹ mọ ẹni tó máa ṣọ́ ẹnì kejì. Ẹ má fi í sílẹ̀ di ìgbà tí ìlù bá ń dún.

5. Ẹ bẹ̀rù èrò. Nígbà tí ìjọ Ridíìmù ra ilẹ̀ Káǹpù ní 1983, igbó ni. Lónìí, wọ́n ní kìlómítà mẹ́ta níbùú, mẹ́ta lóòró ni gbọ̀ngàn tuntun wọn. Fóònù lè má lọ nígbà tí gbogbo ayé bá ń pe ara wọn. Ẹ yan òpó kan lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ mọ nọ́ńbà rẹ̀ tàbí ohun tó wà lára rẹ̀, kó jẹ́ ibi tí ẹ ti máa pàdé. Tí ẹ bá rí i tí àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ti ara wọn lẹ́nu ọ̀nà, ì báà jẹ́ torí oúnjẹ tàbí torí òróró, ẹ fà sẹ́yìn. Ẹ rántí oṣù Kejìlá 2024 ní Baṣọ̀run níbí, ọmọ 35 tó lọ síbi àríyá tí kò padà sílé. Ojúlé wa ò jìnnà síbẹ̀. Mi ò tíì lè gba ibẹ̀ kọjá kí n má dákẹ́.

6. Nípa orin. Àwọn kan nínú yín ti lọ síbi àṣálẹ́ orin ìyìn The Experience ní Tafawa Balewa Square l'Ékòó, èyí tó ti ń wáyé láti 2006. Òru kan ni tìyẹn, ilẹ̀ á mọ́, kálukú á wọkọ̀. Ẹni tó bá kígbe bíi ti The Experience lóru Mọ́ńdè ní Káǹpù, ohùn rẹ̀ á há kó tó di Ọjọ́rú. Ẹ sì gbé fóònù yẹn sílẹ̀. Ní 1930, nígbà ìsọjí Wòlíì Babalọlá ní Òkè-Ooyè, Iléṣà, èrò wá láti ọ̀nà jíjìn, kò sí ẹni tó gbé páwà báǹkì dání. Ìbàdàn níbí náà ni Good Women Choir ti ìjọ CAC ti kọ “Ọdún Ń Lọ Sópin,” ìyàwó ilé àti ìyá ìjọ ni wọ́n. Ẹ la ẹnu, ẹ kọrin, kódà bí ohùn yín bá dà bíi ti àkùkọ tó ní ọ̀fìnkìn.

7. Tí ẹ bá dé, ẹ gbọn ẹní, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a sóòrùn. Ẹ pe ìyá Challenge pé ẹ ti dé. Ọ̀rẹ́ mi ọjọ́ yẹn ń gbé Ring Road báyìí, ó ti ní ọmọ ọmọ méjì. Lọ́dọọdún, tí oṣù kẹjọ bá ti wọlé, ó máa ń pè mí: “Ṣé wàá lọ sí Káǹpù lọ́dún yìí? Mú oògùn ibà o.” Ẹ̀rín ló máa ń fi sọ ọ́. Èmi náà á rẹ́rìn-ín, màá wá bi í léèrè bóyá ara rẹ̀ yá.