Àpótí Ìmọ̀: Igbà Akọpẹ àti Okùn Agégi

Igi àgbọn tó ti gbó láàárín ilé méjì ní Thomas Estate, l'Ájà, kò ṣeé gé láti ìdí. Ògiri, òrùlé àti wáyà iná ló yí i ká. Lẹ́yìn ìyọ̀ǹda LASPARK, àjọ ọgbà ìpínlẹ̀ Èkó, agégi gbọ́dọ̀ gùn ún, kó gé e láti òkè wá sísàlẹ̀, kó sì máa fi okùn sọ ègé kọ̀ọ̀kan kalẹ̀.

Ó pẹ́ tí akọpẹ àti adẹ́mu ti mọ gígùn yìí. Igbà wọn á yí igi ká, á sì yí ìbàdí wọn ká. Akọpẹ á fẹ̀yìn ti igbà, á tẹ ẹsẹ̀ mọ́ igi. Tó bá fẹ́ gòkè, á fi ara súnmọ́ igi kí igbà lè dẹ̀, á jù ú sókè, á tún fẹ̀yìn tì í, á wá gbé ẹsẹ̀. Ìwúwo ara rẹ̀ gan-an ló ń gbé e dúró. Ọgbọ́n ńlá ni.

Àmọ́ igbà kì í kọjá ẹ̀ka. Lórí igi máńgòrò, agégi òde òní á ju okùn kọjá ẹ̀ka tó lágbára, á sì ta kókó tó ń di okùn mú gírígírí nígbà tó bá rọ̀ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n tó ṣeé fi ọwọ́ sún nígbà tí kò bá sí ìwúwo lórí rẹ̀. Ọ̀kan nínú irú kókó bẹ́ẹ̀ ni ti Karl Prusik, ará Austria, tó gbé e jáde ní 1931. Kí agégi tó tan ẹ̀rọ ìgégi, okùn kejì gbọ́dọ̀ ti dè é mọ́ igi, torí ẹ̀rọ náà lè gé ọ̀kan nínú okùn méjèèjì.