Ẹni Tó Wà Láàárín ‘Wò’ àti ‘Sàn’

Lazaret ni orúkọ àdúgbò kan ní Niamey, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Niger. Ọ̀rọ̀ Faransé ni, gbòǹgbò rẹ̀ sì dé Venice, níbi tí wọ́n ti ya erékùṣù kan sọ́tọ̀ ní 1423 fún àwọn tí àjàkálẹ̀ àrùn kọ lù. Ilé àdádó ni lazaret: wọ́n á yọ aláìsàn kúrò láàárín àwọn èèyàn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Yorùbá fún ìwòsàn kò gba ibẹ̀ lọ. Ẹ wo ‘wò sàn’. A ó ní, “Wọ́n wo Àdùkẹ́ sàn.” Àárín ọ̀rọ̀-ìṣe méjèèjì gan-an ni Àdùkẹ́ wà. ‘Wò’ sì lè ṣẹlẹ̀ kí ‘sàn’ má dé: “Wọ́n wò ó títí, kò sàn.”

Odindi èèyàn ni ọ̀rọ̀ yìí fi sí àárín, kì í ṣe ẹ̀yà ara kan. Ìdí nìyí tí n kò fi fara mọ́ ọn pé ‘oníṣègùn ọpọlọ’ là ń pe gbogbo ẹni tó ń tọ́jú ìdààmú ọkàn. Ẹni tó ní “inú mi bàjẹ́”, “ọkàn mi ò balẹ̀” tàbí “orí mi ò gbè mí” kò dárúkọ ọpọlọ rárá. Orí tó ń wí nínú èyí tó kẹ́yìn kì í ṣe èyí tí à ń gẹ̀. Orí inú ni, ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ sì ni. Ẹni tó bá kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹ̀fọ́rí ti ṣì í gbọ́. ‘Agbaninímọ̀ràn’ náà kò kún tó: ẹnì kan ń sọ, ẹnìkejì ń gbọ́. ‘Bá’ ni iṣẹ́ yìí ń fẹ́. “Ẹ bá mi rò ó” là ń sọ fún ẹni tí a fọkàn tán. ‘Abánirò’ ni mo fara mọ́.

Àwọn kan á ní tí a bá ti ki àṣà àti ẹ̀mí bọ ìtọ́jú ìdààmú ọkàn, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ àti pàṣán ló kù. Òótọ́ ni pé wọ́n ń de aláìsàn mọ́lẹ̀ níbòmíràn. Ṣùgbọ́n ní Aró, l’Ábẹ́òkúta, láti 1954, dókítà ọpọlọ Thomas Adéoyè Lambo fi àwọn aláìsàn wọ̀ sí ilé àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn ọpọlọ ibẹ̀ ká. Ìbátan wọn bá wọn wá, ó ń se oúnjẹ fún wọn, ó ń sìn wọ́n lọ gba ìtọ́jú. Lambo gba àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra, síbẹ̀ kò pa oògùn òyìnbó tì. Ọ̀nà méjèèjì ló tọ̀. Nítorí náà, ẹ fi ‘oníṣègùn ọpọlọ’ sílẹ̀ fún dókítà tó ń kọ oògùn; ẹ pe ẹni tó jókòó ti aláìsàn ní abánirò.