Àròkọ Alárìíyànjiyàn: Ǹjẹ́ Linux Lè Gba Ipò Mọ́ Windows Lọ́wọ́?

Àṣìṣe tí ó pọ̀ jù lórí irú àkọlé yìí ni pé akẹ́kọ̀ọ́ a máa ki oríkì ẹ̀gbẹ́ tí ó fẹ́ràn. Má ṣe bẹ́ẹ̀. Kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n bi ọ́. Windows àti Linux jẹ́ ètò tí ń darí kọ̀ǹpútà: òun ni ó ń jí ẹ̀rọ náà, òun ni gbogbo iṣẹ́ yòókù sì dúró lé lórí. Ilé-iṣẹ́ Microsoft ti Amẹ́ríkà ni ó ni Windows, owó ni a sì fi ń gba àṣẹ láti lò ó. Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan ní ilẹ̀ Finland, ni ó bẹ̀rẹ̀ Linux ní 1991. Ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ̀ ọ́n ṣe sì lè tún un ṣe.

Wọn kò bi ọ́ pé èwo ni ó dára jù o. Ohun tí wọ́n bi ọ́ ni bóyá èkejì lè gba ipò. Bí o bá ń gbé ní Ṣómólú tàbí Bàrígà, ẹ̀rí wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ. Wo bí mo ṣe lò ó nínú àpẹẹrẹ yìí:

"Ẹni tí ó bá rìn gba Ṣómólú kọjá yóò gbọ́ ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù. Kí ìwé tó dé orí ẹ̀rọ, ojú kọ̀ǹpútà ni a ti ń tò ó, CorelDRAW sì ni ọ̀pọ̀ fi ń tò ó. Ẹni tí ó ya kàlẹ́ńdà lè wà ní Bàrígà. Ẹlòmíràn ni yóò ṣe pléètì rẹ̀, ẹlòmíràn ni yóò tẹ̀ ẹ́. Fáìlì kan náà ni ó ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí èkejì. CorelDRAW òde òní kò sì ní ẹ̀yà tí a ṣe fún Linux. Òótọ́ ni pé Inkscape wà, ọ̀fẹ́ ni, ó sì lè ṣí díẹ̀ nínú àwọn fáìlì bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́tà lè ṣípò, àwọ̀ sì lè yí padà. Bí orúkọ òkú bá fò kúrò lórí ìwé ètò ìsìnkú tí a fẹ́ lò lọ́jọ́ Ẹtì, ta ni yóò san owó pépà tí ó ṣòfò?

"Kì í ṣe pé wọn kò gbìyànjú rí. Ilé-iṣẹ́ Corel gbé ẹ̀yà Linux tirẹ̀ jáde ní 1999, ó sì ṣe CorelDRAW 9 fún Linux ní 2000. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, Microsoft fi mílíọ̀nù 135 dọ́là ra ìpín nínú Corel. Nígbà tí ó fi máa di òpin 2001, iṣẹ́ Linux Corel ti bọ́ sọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ mìíràn.

"Síbẹ̀, ibi tí iṣẹ́ kò ti so mọ́ fáìlì ẹlòmíràn, ọ̀nà là fún Linux. Ní 2007, a fẹ́ kó kọ̀ǹpútà kékeré Classmate 17,000 fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà pẹ̀lú Mandriva, ẹ̀yà Linux láti ilẹ̀ Faransé. Lẹ́yìn àdéhùn, ìròyìn jáde pé Windows ni yóò rọ́pò rẹ̀. François Bancilhon, ọ̀gá Mandriva, kọ lẹ́tà gbangba sí Steve Ballmer tí ó jẹ́ ọ̀gá Microsoft nígbà náà. USPF, àjọ ìjọba tí ń sanwó fún 11,000 nínú wọn, fọwọ́ sọ̀yà pé Linux ni àwọn fẹ́.

"Ní 14 oṣù kẹwàá 2025, Microsoft dá àtúnṣe ọ̀fẹ́ fún Windows 10 dúró, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà àlòkù kò lè gba Windows 11. Ẹni tí ń tẹ lẹ́tà àti ìwé ìwáṣẹ́ fún ará àdúgbò kò ní láti ra ẹ̀rọ tuntun: Linux àti LibreOffice tó o ṣe é. Ẹni tí ń ya kàlẹ́ńdà ni ọ̀ràn náà ká mọ́."

Padà sí ìpínrọ̀ Corel. N kò sọ pé owó Microsoft ni ó pa iṣẹ́ náà. Mo to ọdún tẹ̀ léra, mo sì dákẹ́. Ohun tí o kò ní ẹ̀rí rẹ̀, má fi ẹnu kàn án. Kíyè sí i pẹ̀lú pé ìbéèrè owó pépà ni ó gbé ìpínrọ̀ kìíní dúró, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ńláńlá nípa ìmọ̀ ẹ̀rọ.

Ìdánrawò: Ọ̀pọ̀lọpọ̀ fóònù tí a ń lò ládùúgbò jẹ́ Android, orí Linux ni a sì kọ́ Android lé. Kọ ìpínrọ̀ kan tí yóò fi èyí ta ko àpẹẹrẹ òkè yìí, kí o sì kọ òmíràn láti dá a lóhùn.