Apá Kejì Kì í Ṣe Ẹ̀dà Kejì

Ní 2015 ni Roye Okupe gbé ìtàn aláwòrán E.X.O.: The Legend of Wale Williams jáde, apá kejì tẹ̀lé e. Ọjọ́ iwájú ni ìtàn náà dá lé nígbà tó jáde: Wale padà sí Lagoon City nítorí bàbá rẹ̀ tó dàwátì, ó sì gbé aṣọ ìhámọ́ra abàmì wọ̀. Ní 2021 ni ilé ìtẹ̀wé Dark Horse bẹ̀rẹ̀ sí tún un tẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀dà tuntun nìyẹn, kì í ṣe apá tuntun. Ẹ̀dà a máa tún ohun kan náà ṣe. Apá a máa gbé ìtàn lọ síwájú. Ẹni tó ra ẹ̀dà méjì ra ìtàn kan lẹ́ẹ̀mejì.

Nínú apá kejì, òǹkàwé ń ṣọ́ bóyá ìtàn so kọ́ra. A lè so ohun méjì tí kò bára tan pọ̀. Èyí tó so kọ́ra, ọ̀kan ló bí èkejì. Ọ̀nà méjì ni ìtàn lè gbà ṣàìso kọ́ra, orúkọ wọn sì yàtọ̀. Bí apá òsì akọni bá ṣẹ́ lánàá, tó wá jẹ́ ọ̀tún ló so rọ̀ lónìí, ìtàn takora. Bó bá wà lẹ́wọ̀n lánàá, tó jókòó sílé lónìí, tí kò sẹ́ni tó sọ bó ṣe jáde, ìtàn já.

Àwòrán pẹ̀lú máa ń takora. Nínú ìwé Atọ́ka àtijọ́, fọ́tò àwọn òṣèré ló ń sọ ìtàn, ojú òṣèré kì í sì í yí padà láàárín ojú ìwé méjì. Ayàwòrán kò ní irú ìrọ̀rùn bẹ́ẹ̀: gbogbo ìgbà ló ń tún ojú kan náà yà. Sunkanmi Akinboye ló ya E.X.O.; Raphael Kazeem wà lára àwọn tó kùn ún. Ìlà là ń yà, àwọ̀ là ń kùn. Kí òǹkọ̀wé má dà wọ́n pọ̀, nítorí ọwọ́ tó ń ṣe wọ́n lè yàtọ̀. Ahunṣọ Ìsẹ́yìn, ní Òkè-Ògùn, mọ ìnira kí nǹkan bára mu láti ibì kan dé èkejì: ọ̀já òfì tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń rán pọ̀ di aṣọ, bí òwú ọ̀kan bá sì pọ́n ju ti èkejì lọ, ìgbà tí wọ́n bá rán an tán ni yóò hàn gbangba.

Àmì ohùn kò ṣeé fojú fò bí a bá ń kọ̀wé nípa àwọ̀. Àwọ̀ ni ti ọ̀dà, awọ ni ti màlúù. Ẹni tó kọ “awọ aṣọ Wale” ti sọ ọ́ di aṣọ aláwọ, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ tíntìntín, tí ojú lásán kò lè rí, ni wọ́n fi ṣe é.