Ẹnu Ta Ni Ọ̀rọ̀ Ti Jáde? Lámèyítọ́ àti The Great Gatsby

The Great Gatsby, ìtàn àròsọ tí F. Scott Fitzgerald kọ, jáde ní New York ní oṣù kẹrin ọdún 1925. Ó dá lórí Jay Gatsby, ọmọ àgbẹ̀ aláìní kan láti North Dakota, tó pa orúkọ àbísọ rẹ̀ tì, tó sì fi òwò ọtí tí òfin kà léèwọ̀ di olówó, kí ó lè gba Daisy, olólùfẹ́ rẹ̀ àtijọ́, padà lọ́wọ́ Tom Buchanan, ọkọ Daisy. Ìwé náà kò nípọn, síbẹ̀ ìtúmọ̀ tí wọ́n ti fún un kò lóǹkà. Ohun tó sábà ń ṣi ọ̀dọ́ lámèyítọ́ lọ́nà níbẹ̀ ni pé kì í béèrè ẹni tó ń sọ̀rọ̀.

Nick Carraway ló ń sọ ìtàn náà. Ìbátan Daisy ni, aládùúgbò Gatsby ni, òun náà ló sì ṣètò ibi tí àwọn méjèèjì ti tún fojú kojú. Ẹlẹ́rìí tó lọ́wọ́ nínú ọ̀ràn ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ó ní òun kì í yára dá ènìyàn lẹ́jọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tí kò dá lẹ́jọ́ kí ìwé tó parí. Lẹ́yìn tí lámèyítọ́ Wayne Booth kọ̀wé ní 1961 lórí asọ̀tàn tí kò ṣeé gbára lé, ọ̀pọ̀ lámèyítọ́ bẹ̀rẹ̀ sí fura sí Nick. Ìfura náà tọ́, torí agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí ó di àṣejù, kí a má wá pe gbogbo ọ̀rọ̀ Nick ní irọ́.

Ojú ńlá Dókítà T. J. Eckleburg ni kí akẹ́kọ̀ọ́ fi dán ara rẹ̀ wò. Pátákó ìpolówó oníṣègùn ojú ni, tó dojú kọ àfonífojì eérú láàárín West Egg àti New York. Àìmọye àròkọ ló sọ pé Ọlọ́run ni ojú náà dúró fún. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé? George Wilson ni, ọkùnrin tí ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ìyàwó rẹ̀, tí orí rẹ̀ ti dàrú. Lójú ẹsẹ̀ ni Michaelis, aládùúgbò rẹ̀, ti sọ fún un pé ìpolówó ọjà lásán ni. Wilson yìí kan náà ló yìnbọn pa Gatsby, ẹni tí kò wa ọkọ̀ náà. Fitzgerald ti fi òǹkàwé tó ṣi àmì kà sínú ìwé, àwọn lámèyítọ́ sì ń tẹ̀lé e lẹ́yìn!

Ìgbà pẹ̀lú ní agbára lórí ìtúmọ̀. Ní 1925, lámèyítọ́ H. L. Mencken yin èdè ìwé náà, ó sì fojú kéré ìtàn inú rẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ni wọ́n pín in fún àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà, ní 1945 sì ni lámèyítọ́ Lionel Trilling ka Gatsby sí àwòrán Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀. Ìtúmọ̀ yìí lẹ́wà, ó sì ti rọrùn jù fún akẹ́kọ̀ọ́ láti gbé mì. Judith Fetterley, tó fi ojú ìṣègbèfábo kà á ní 1978, béèrè ìdí tí ẹ̀bi àlá ọkùnrin fi wá di ẹrù Daisy. Èsì ìbéèrè rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ Trilling.

Ìtúmọ̀ mìíràn tún wà tó le ju ti Fetterley lọ. Lámèyítọ́ Carlyle Van Thompson sọ pé aláwọ̀ dúdú tó ń fara hàn bí òyìnbó ni Gatsby. Kí lámèyítọ́ má fi ẹ̀rín lé e dànù, kí ó má sì tẹ́wọ́ gbà á torí pé ó ṣàjèjì. Ẹ̀rí ni kí ó wá. Tom ń fi ìwé kan tó ń bẹ̀rù àwọn ẹ̀yà tí kì í ṣe aláwọ̀ funfun yangàn lórí tábìlì oúnjẹ, ó sì ń ṣàpèjúwe Gatsby bí ẹni tí a kò mọ orísun rẹ̀. Àmọ́ baba Gatsby wá síbi ìsìnkú, Nick sì rí i lójúkojú láìsọ nǹkan kan nípa àwọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbe Van Thompson gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ takò ó gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ohun tí ìbẹ̀rù Tom ń wá nínú ìwé.