Ìdíje Fífi Ọkọ̀ Gun Òkè

Oríṣiríṣi ni ìdíje tí àwọn ènìyàn máa ń fi ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ṣe. Nínú èyí tí ó wọ́pọ̀ jùlọ, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ a jọ gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, wọn a máa yí ojú ọ̀nà kan po, ẹni tí ó bá sì kọ́kọ́ dé òpin ni ó borí. Ṣùgbọ́n ìdíje kan wà tí kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Nínú tirẹ̀, ọkọ̀ kan ṣoṣo ni ó máa ń wà lójú ọ̀nà, ọ̀nà náà kì í gùn, òkè ni ó sì dojú kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Awakọ̀ kì í rí ẹni tí ó ń bá a du ipò níwájú, bẹ́ẹ̀ ni kì í gbọ́ ìró rẹ̀ lẹ́yìn. Agogo nìkan ni ó ń bá jà. Èyí ni ìdíje fífi ọkọ̀ gun òkè. Púpọ̀ nínú àwọn tí ń ṣe é kì í ṣe ẹni tí a ń sanwó fún. Akọ̀wé, àgbẹ̀, olùkọ́ àti mẹkáníìkì ni wọ́n, tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ òòjọ́ wọn láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, tí ó sì jẹ́ pé òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ni wọ́n ń ráyè fún òkè.

Ìdíje yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ dàgbà tó ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ fúnra rẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1897, àwọn ọlọ́kọ̀ du òkè láti ìlú Nice lọ sí La Turbie ní ilẹ̀ Faransé. André Michelin, ọ̀kan nínú àwọn tí ó dá ilé-iṣẹ́ táyà Michelin sílẹ̀, ni ó borí, ọkọ̀ tí agbára omi gbígbóná ń mú rìn ni ó sì lò. Kò yani lẹ́nu pé òkè ni wọ́n yàn. Ní ayé ìgbà náà, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kò lágbára púpọ̀. Ohun tí olùrà kọ́kọ́ fẹ́ mọ̀ ni bóyá ọkọ̀ tí òun fẹ́ fowó rà yóò lè gbé òun àti ará ilé òun gun òkè láìjẹ́ pé wọ́n sọ̀kalẹ̀ tì í.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òkè tí ó lókìkí jùlọ ni Shelsley Walsh, ní agbègbè Worcestershire. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún 1905 ni ẹgbẹ́ Midland Automobile Club kọ́kọ́ ṣe ìdíje níbẹ̀, títí di òní ni wọ́n sì ń lò ó. Ọ̀pọ̀ òkè mìíràn wà tí wọ́n ń lò nígbà náà, ṣùgbọ́n ojú títì gbogbo ènìyàn ni púpọ̀ nínú wọn. Ní oṣù kẹta ọdún 1925, níbi ìdíje kan ní Kop Hill, ní agbègbè Buckinghamshire, àwọn èrò ìwòran dúró sí ẹ̀bá ọ̀nà gan-an. Ọkọ̀ kan yà kúrò lójú ọ̀nà, ó sì dá ẹni kan lẹ́sẹ̀. Ẹgbẹ́ Royal Automobile Club, tí àṣẹ irú ìdíje bẹ́ẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò tún fún ẹnikẹ́ni ní ìyọ̀ǹda láti sáré ìdíje ní ojú títì mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀ kan tí ó dá ṣe pa àṣà náà rẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Shelsley Walsh kò bá a lọ nítorí pé ọ̀nà aládàáni ni, kì í ṣe ọ̀nà ìjọba.

Gígùn ọ̀nà òkè náà jẹ́ 1,000 yáàdì, èyí tí kò tó máìlì kan rárá. Ṣùgbọ́n láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ó ga ní nǹkan bí 328 ẹsẹ̀ bàtà. Ìtumọ̀ èyí ni pé bí ọkọ̀ bá ti rìn tó yáàdì 9, ó ti gòkè ní yáàdì kan. Níbi tí ó sì ti dagun jùlọ, kò tilẹ̀ ní í rìn tó yáàdì 7 kí ó tó gòkè ní yáàdì kan. Ọ̀nà náà tóóró, bèbè ilẹ̀ sì dúró tì í. Lẹ́yìn ìbẹ̀rẹ̀, ó rọra yà, ó tún yà, lẹ́yìn náà ni ó kan igun méjì tí ó tẹ̀lé ara wọn bí ìrìn ejò, ọ̀kan sí òsì, èkejì sí ọ̀tún. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ awakọ̀ ti ń pàdánù ohun tí wọ́n ti jèrè nísàlẹ̀. Ẹni tí ó bá la igun méjèèjì já dáradára, ọ̀nà tààrà ni ó kù fún un dé òpin.

Ní ọdún 1905, ẹni tí ó yára jùlọ lo ìṣẹ́jú-àáyá 77.6, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà náà kúrú díẹ̀ sí ti òní. Ní ọdún 1930, Hans Stuck, ará Jámánì, fi ọkọ̀ Austro-Daimler gùn ún ní 42.8. Ní ọdún 1935, Raymond Mays, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, di ẹni àkọ́kọ́ tí kò lo tó 40, nítorí 39.6 ni tirẹ̀. Ní ọdún 2008, Martin Groves gùn ún ní 22.58. Bí a bá ṣírò rẹ̀, ọkọ̀ tí ó gbéra láti orí ìdúró, tí ó sì gun òkè yìí, ti fi ìyára tí ó lé ní 90 máìlì láàárín wákàtí kan rìn.

Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí ó ṣe èyí, fún eré ìje ni wọ́n dìídì kọ́ ọ. Awakọ̀ olówó kékeré kò lè ra irú rẹ̀. Ohun tí òun ń ṣe ni kí ó ra ọkọ̀ kékeré aláìlórùlé kan, kí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún un ṣe. Ọ̀kan nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni Lotus Seven, tí Colin Chapman gbé jáde ní ọdún 1957. Wọ́n máa ń tà á ní túútúú, olùrà a sì to gbogbo rẹ̀ pọ̀ nínú ilé ara rẹ̀, nítorí pé owó orí tí ìjọba ń gbà lórí ọkọ̀ tí a ti tò parí kò kan èyí tí a kò tíì tò. Láti ọdún 1973, ilé-iṣẹ́ Caterham ni ó ń ṣe irú ọkọ̀ náà.

Ẹni tí ó ti ru ẹrù iṣu gun òkè rí kò ní í béèrè ìdí tí a fi ń fẹ́ ọkọ̀ fífúyẹ́. Bí ọkọ̀ kan bá wọn 900 kílò, tí ó sì ń gun òkè tí ó ń gòkè ní ìdá kan nínú mẹ́sàn-án, ńṣe ni ó dà bí ẹni pé a so ẹrù 100 kílò mọ́ ọn nídìí, tí ń fà á sẹ́yìn. Bí ọkọ̀ náà bá jẹ́ 540 kílò, 60 péré ni ẹrù náà. Nítorí náà, iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni yíyọ ohun tí kò wúlò kúrò: ìjókòó èrò, kápẹ́ẹ̀tì, táyà àpọ́jù àti irú wọn. Lẹ́yìn èyí, a yí sípíríǹgì padà kí ọkọ̀ lè súnmọ́ ilẹ̀, a fi táyà tí ó rọ̀ tí ó sì ń di ọ̀nà mú sí i, a tún bíréèkì ṣe, a sì pààrọ̀ eyín jíà kí ọkọ̀ lè tètè fà. Ẹ́ńjìnnì ni ó kẹ́yìn. Ọ̀gbẹ̀rì ni ó máa ń kọ́kọ́ ra agbára, kì í rántí pé agbára tí táyà kò lè gbé kalẹ̀, èéfín àti ariwo lásán ni.

Basil Davenport ti fi òtítọ́ ọ̀rọ̀ yìí hàn ṣáájú. Láti inú àwọn èròjà ọkọ̀ GN ni ọkọ̀ rẹ̀ ti jáde, ó sì sọ ọ́ ní Spider, èyí tí í ṣe aláǹtakùn. Ọkọ̀ náà kò dára lójú. Kò ju férémù, ẹ́ńjìnnì, ìjókòó àti ẹsẹ̀ mẹ́rin lọ. Ṣéènì ni ó ń yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ bí ti kẹ̀kẹ́. Síbẹ̀, láàárín ọdún 1926 sí 1928, aláǹtakùn yìí yára ju gbogbo ọkọ̀ tí ó ti gun Shelsley Walsh rí lọ, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo.

Ní ọjọ́ ìdíje, àwọn alábòójútó a kọ́kọ́ yẹ ọkọ̀ wò fínnífínní. Awakọ̀ gbọ́dọ̀ ní àṣíborí, aṣọ tí iná kì í tètè ràn, àti bẹ́líìtì tí ó dè é mọ́ ìjókòó. Ohun tí a fi ń pa iná ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ wà níbi tí ẹni tí ń bẹ lóde lè tètè rí i. Níwájú ọkọ̀, a ó ri irin pẹlẹbẹ kan mọ́ ọn ní ìnàró. Òun ni yóò gé ìtànṣán iná tí ó so mọ́ agogo. Bí ó bá kan awakọ̀, a fi igi dí ẹ̀yìn táyà rẹ̀ kí ọkọ̀ má baà yọ̀ padà sísàlẹ̀. Iná ewé tàn. Ṣùgbọ́n iná náà kò ní kí ó sáré lójú ẹsẹ̀. Ó ń sọ fún un pé ọ̀nà ti mọ́ ni. Àfi ìgbà tí irin náà bá gé ìtànṣán ni agogo tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá mí kanlẹ̀ kí ó tó gbéra kò pàdánù ohunkóhun.

Bí ó bá tẹ ẹsẹ̀ jù, táyà a máa yí lójú kan. Bí kò bá tẹ̀ ẹ́ tó, ẹ́ńjìnnì a rẹ̀wẹ̀sì. Ní igun, ọ̀rọ̀ àwọn àgbà a ṣẹ, pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í ni ni lára. Ẹni tí ó bá fi ìkánjú wọ igun a jáde níbẹ̀ bí ẹni tí ẹsẹ̀ ń ro.

Nígbà púpọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni a máa ń fún awakọ̀ láyè láti gun òkè tí a ó kà fún un, èyí tí ó dára jù nínú méjèèjì ni a ó sì mú. Bí a bá da ti ìdánrawò mọ́ ọn, gbogbo ìgbà tí ó fi wakọ̀ ní ọjọ́ náà lè má tó ìṣẹ́jú mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ ó ti fi gbogbo ìgbà òtútù ṣe iṣẹ́ lórí ọkọ̀ náà ní alaalẹ́. Níbí ni ọ̀ràn ti le. Bí ìgùn kìn-ín-ní bá dára, tí ó sì ku ìdá díẹ̀ nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan kí ó borí, ṣé kí ó fi bíréèkì sílẹ̀ pẹ́ díẹ̀ sí i ní igun ni? Bí ó bá bọ́ sí i, orúkọ rẹ̀ yóò lékè. Bí kò bá bọ́ sí i, bèbè ilẹ̀ ń dúró dè é, owó tí ó fi pamọ́ fún ilé rẹ̀ ni yóò sì fi tún ọkọ̀ ṣe, bí ara rẹ̀ bá tilẹ̀ dá. Kò sí ọ̀rẹ́ tí ó lè bá a dáhùn ìbéèrè yìí. Òun nìkan ni ó mọ ibi tí ọgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ dé, ọlọgbọ́n awakọ̀ sì ni ẹni tí kò parọ́ fún ara rẹ̀ nípa rẹ̀.

Síbẹ̀, ìdíje náà kò sọ wọ́n di ọ̀tá. Bí jíà ẹnì kan bá bàjẹ́, ẹni tí ó ń bá a du ipò lè yá a ní irinṣẹ́. Baba àti ọmọ pàápàá lè jọ lo ọkọ̀ kan ṣoṣo, kí ọmọ sì fi í na baba. Ìdí rẹ̀ ni pé olúkúlùkù mọ̀ pé kì í ṣe ẹnìkejì òun ni òun wá bá jà. Ẹni tí kò gba ife ẹ̀yẹ, ṣùgbọ́n tí ó fi ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá yára ju bí ó ti ṣe lọ́dún tó kọjá lọ, yóò fi ayọ̀ di ẹrù rẹ̀, yóò sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé.

ÌBÉÈRÈ

1. Ọ̀nà wo ni ìdíje yìí gbà yàtọ̀ sí ìdíje ọkọ̀ tí ó wọ́pọ̀?
2. Kí ni ó ṣẹlẹ̀ ní Kop Hill ní ọdún 1925, kí ni ó sì ti ẹ̀yìn rẹ̀ yọ?
3. Ṣàlàyé ìdí tí ọkọ̀ fífúyẹ́ fi dára fún òkè. Bí ọkọ̀ kan bá wọn 720 kílò lórí irú òkè kan náà, kílò mélòó ni yóò máa fà á sẹ́yìn?
4. Kí ni ìtumọ̀ “agbára tí táyà kò lè gbé kalẹ̀, èéfín àti ariwo lásán ni”?
5. Kọ àròkọ lórí òwe yìí: “Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.”